Ta Ni Kò Padà Wá? Ilé-ìwé Wa Lẹ́yìn Ọdún Kòrónà

Lọ́jọ́ 2, oṣù kọkànlá, ọdún 2020, àjọ WAEC gbé èsì ìdánwò àṣekágbá sẹ́kọ́ńdìrì jáde. Nínú àwọn ọmọ bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tó jókòó ṣe é ní Nàìjíríà, ìdá 65.24 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2019, nígbà tí kò sí àrùn kankan, tí ilé-ìwé ṣí látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, ìdá 64.18 ni. Ẹni tó bá fi ojú èsì yìí nìkan wo ọ̀rọ̀, yóò ní Kòrónà kò fọwọ́ kan ilé-ìwé wa rárá. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí: “Wọn ò kàwé lóṣù mẹ́rin, wọ́n sì tún ṣe dáadáa jù ti àná lọ. Kí la wá ń pariwo sí?”

Inú mi dùn sí àwọn ọmọ náà. Wọ́n jìyà kí wọ́n tó gba èsì yẹn, n kò sì ní bu ẹnikẹ́ni nínú wọn kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá jókòó ni WAEC lè kà. Ọmọ tó ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà yẹn kò sí nínú ìṣirò náà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kó lọ sí abúlé kò sí níbẹ̀. Ọmọ Pàmárì Wáànù tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń so álífábẹ́ẹ̀tì pọ̀, kò tíì dé ibi tí WAEC yóò ti bi í ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ló gbà mí lọ́kàn, nítorí ó dá mi lójú pé ohun tó tóbi jù tí ọdún yẹn gbà lọ́wọ́ ilé-ìwé wa ni ojú tó ń rí ọmọ lójoojúmọ́. Sílébọ́ọ̀sì ṣeé lé bá. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò wá kiri ni kò ṣeé lé bá.

Ilé-ìwé tí mo ń sọ yìí jẹ́ ti aládàáni, ní Sàǹgó Ọ̀tà, pàmárì àti sẹ́kọ́ńdìrì lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, níbi tí àwọn ọmọ mi ti ń kàwé. Kì í ṣe ilé-ìwé olówó. Mẹkáníìkì, oníṣòwò, dẹ́rẹ́bà àti òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwa òbí. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ ló ń ti Alákùkọ wá, ní ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn yòókù sì ń ti Ọ̀tà àti Ìfọ̀. Títì Èkó sí Abẹ́òkúta ló so gbogbo wa pọ̀. Títì yẹn náà ni àrùn ọ̀hún gbà. Ará Ítálì kan tó bàlẹ̀ sí Èkó, tó sì gba iṣẹ́ lọ sí Ewékorò, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́jọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2020. Nínú àwọn bàbá tó wà ní PTA wa, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, a rí àwọn tó ń fi tírélà gbé sìmẹ́ńtì gba Ewékorò kọjá. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì jẹ́ ìròyìn lásán fún àwọn kan, ẹ̀rù ti ń bà wá.

Síbẹ̀, ẹ̀rù tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Lọ́dún 2014, nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó nínú oṣù keje, tí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ọn, ìjọba àpapọ̀ sún ọjọ́ ìwọlé àwọn ọmọ síwájú. Wọ́n kọ́kọ́ ní ó di ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, wọ́n tún fà á padà sí ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án. Kó tó parí oṣù kẹwàá, wọ́n ti kéde pé Ẹ̀bólà ti tán nílẹ̀ wa. Ike ìfọwọ́ tó ní ẹnu ẹ̀rọ tí ilé-ìwé wa rà nígbà yẹn ṣì wà nínú sítọ̀. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e síta, gbogbo wa sì gbà pé bí ti ìjọ́sí náà ni yóò rí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó parí. Lọ́jọ́ 19, oṣù kẹta, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ti gbogbo ilé-ìwé pa. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 23, ilé-ìwé Èkó ti tì, tiwa náà sì ti tì. Ìdánwò tàmù kejì kò tíì parí. Àwọn ọmọ SS 3 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti ìdánwò JAMB fún àbáwọlé yunifásítì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14, wọ́n sì ń múra WAEC tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 6, oṣù kẹrin. Àwọn kékeré ń fò sókè fún ayọ̀. Kò sẹ́ni tó kó ìwé rẹ̀ tán nínú kíláàsì.

Lálẹ́ ọjọ́ 29, oṣù kẹta, Ààrẹ Buhari bá wa sọ̀rọ̀, ó ní kónílé-ó-gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la rẹ̀, aago mọ́kànlá alẹ́. Ògùn bẹ̀bẹ̀ fún àyè díẹ̀, tiwa sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 3, oṣù kẹrin. Fún ọjọ́ mélòó kan yẹn, àwọn ọmọ tó ń gbé ní Alákùkọ wà nínú àtìmọ́lé, àwọn tó wà ní Sàǹgó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò. Ọ̀nà tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ló wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa wọlé. Àjọ UNESCO ní nígbà tí ọ̀rọ̀ náà le jù, ọmọ ilé-ìwé tó lé ní bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ló jókòó sílé, ní orílẹ̀-èdè tó ju 190 lọ.

Ìjọba kò káwọ́ gbera, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Ògùn gbé ètò DigiClass sórí tẹlifíṣọ̀n OGTV, Èkó gbé tiwọn sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Olùkọ́ gidi ni wọ́n gbé síbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì mọ iṣẹ́ débi pé èmi náà jókòó tì í. Ṣùgbọ́n rédíò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ kò bá gbọ́, kò lè na ọwọ́ sókè. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ lórí ìdá, ìdá ti lọ nìyẹn. Ilé tó ní ọmọ mẹ́ta ní kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tẹlifíṣọ̀n kan ló ní, ìyá wọn sì fẹ́ gbọ́ ìròyìn láti mọ iye èèyàn tí àrùn náà tún mú.

WhatsApp ló sún mọ́ ilé-ìwé jù. Olùkọ́ Pàmárì Tírì wa dá gúrúùpù kan sílẹ̀ fún àwọn òbí kíláàsì rẹ̀. Kò tó ìdajì àwọn òbí tó wà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ń lo fóònù kékeré tí kò ju kéèyàn pè, kí wọ́n sì pè é lọ. Mo gbọ́ ọ̀kan nínú ohùn tó fi ránṣẹ́. Ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń pín 84 sí ọ̀nà méje. Àkùkọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń ké, òun sì ń fi sùúrù sọ pé: “Ẹ bu ẹ̀wà sílẹ̀. Ẹ ka mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ẹ máa pín in lọ́kọ̀ọ̀kan sí ibi méje, bí ẹni ń pín ẹran fún àlejò. Ẹ má yan ẹnikẹ́ni jẹ.” Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: ẹ̀wà lórí ẹní, ẹ̀wà lórí àwo, ẹ̀wà lórí sìmẹ́ńtì. Ọmọkùnrin kan fi ohùn ránṣẹ́, ó ní: “Àǹtí, òkúta ni mo fi ṣe tèmi. Mọ́mì ní ká má fọwọ́ kan ẹ̀wà.” Olùkọ́ náà dá a lóhùn pé òkúta dára púpọ̀, ó ní kó ka iye tó wà níbì kan fún òun. Ó kà á dé méjìlá, a sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kà á. Lẹ́yìn náà, olùkọ́ yẹn pe ìyá ọmọ náà ní ọ̀tọ̀, kì í ṣe nítorí ìṣirò.

Èyí ni ohun tí mo ń pè ní ojú tó ń rí ọmọ. Rédíò tó dára jù láyé kò lè gbọ́ pé ẹ̀wà ti fẹ́ tán nínú ilé kan.

Oúnjẹ náà wà lára ohun tó tì pẹ̀lú ilé-ìwé. Àwọn ọmọ Pàmárì Wáànù dé Tírì ní ilé-ìwé ìjọba máa ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán níbẹ̀ nígbà yẹn nínú ètò ìjọba àpapọ̀. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2020, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ náà ránṣẹ́ sílé ní Àbújá, Èkó àti Ògùn: ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró, epo, iyọ̀, tòmátò inú agolo àti ẹyin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ní iye rẹ̀ jẹ́ ₦4,200. Àwọn èèyàn bínú sí ètò náà, wọ́n ní ta ló ń bọ́ ọmọ ilé-ìwé nígbà tí ilé-ìwé wà ní títì. Èmi kò bá wọn bínú sí i. Ebi kì í gba ìsinmi. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó rí i gbà kéré, àti pé kò sí ohun tó jọ ọ́ fún ọmọ tálákà tó wà ní ilé-ìwé aládàáni. Ẹnu wa ti mọ́ kí a máa rò pé ẹni tó ń san owó ilé-ìwé kì í ṣe tálákà. Ẹ wá wo àwọn tó ń san án díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ ọjà sí ọjọ́ ọjà.

Ní alẹ́ oṣù kẹrin náà, oorun kò sí. Àwọn jàǹdùkú tó ń pe ara wọn ní One Million Boys kó ìdààmú bá Agége, Ìfàkọ̀-Ìjàyè, Alákùkọ títí dé Ọ̀tà. Àwọn bàbá ń sun táyà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò, wọ́n ń ṣọ́ ilé mọ́jú. Àwọn ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó yẹ kí wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì, bá bàbá wọn jáde tigi-tàdá. Èèyàn kan sọ ní ìpàdé PTA pé ibẹ̀ ni ọmọ òun ti kọ́ igbó mímu, láàárín àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò. Gbogbo yàrá dákẹ́. N kò tíì rí ẹni tó kọ ìyẹn sínú ìròyìn kankan nípa ohun tí Kòrónà ṣe sí ẹ̀kọ́.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyà ti pọ̀ jù, tí ọ̀rọ̀ sì ti kéré jù. Ní Èkó nìkan, ilé-ìwé aládàáni lé ní 12,000 nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú àrùn yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ irú tiwa, tó jẹ́ owó tàmù ni wọ́n fi ń san owó oṣù. Kò sí owó ní báńkì. Nígbà tí tàmù kẹta kò wáyé, owó tàmù kẹta kò wọlé, owó oṣù sì dúró. Tíṣà ìjọba ń gba tirẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́. Tíṣà wa gba ti oṣù kẹta, ó gba ìdajì ti oṣù kẹrin, ó sì tán síbẹ̀.

Olùkọ́ Físíìsì ní ọ̀kadà kan tó fi ń wá sí ibi iṣẹ́. Ó fẹ́ máa fi gbé èrò, ṣùgbọ́n ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan àti lójú títì ńlá láti ọjọ́ 1, oṣù kejì, ọdún yẹn kan náà. Inú àdúgbò ló há sí, nígbà tí kò sí èrò. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ń rán ìbomú aláǹkárà, ₦200 ọ̀kan, ó sì ṣe dáadáa fún oṣù méjì kí gbogbo èèyàn tó di aránṣọ ìbomú. Olùkọ́ Pàmárì Tírì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń dín ìpékeré. Òun ló ń ra dátà fúnra rẹ̀ láti fi kọ́ àwọn ọmọ wa. A mọ̀. Gbogbo wa tó wà nínú gúrúùpù yẹn mọ̀ pé wọn ò san nǹkan kan fún un, a ń fi àwòrán ẹ̀wà ránṣẹ́ sí i, a ń kọ “Ẹ ṣeun, Àǹtí, Ọlọ́run á san án fún yín.” Ó tó oṣù kẹfà kí ìyá kan tó béèrè nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ní gbangba. Lọ́jọ́ náà, àwọn òbí fi owó ránṣẹ́, ẹlòmíràn ₦500, ẹlòmíràn ₦2,000. Kò sí ẹni nínú wa tó sọ pé òun kò ní. Ohun tí kò jẹ́ ká ṣe é láti oṣù kẹrin ni mo ṣì ń rò.

Lọ́jọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ìjọba àpapọ̀ ṣí ìforúkọsílẹ̀ ètò Survival Fund, ilé-ìwé aládàáni ni wọ́n sì kọ́kọ́ pè. Ètò náà lè san tó ₦50,000 lóṣù fún òṣìṣẹ́ kan fún oṣù mẹ́ta. Ètò rere ni. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tó ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC àti àkọsílẹ̀ owó oṣù tó já gaara ni ètò náà wà fún, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé inú àdúgbò kò sì ní èyíkéyìí. Ní òpópónà wa nìkan, mo mọ ilé-ìwé kan tó di ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ òmíràn tí onílé gbà padà tó sì sọ di ilé ayálégbé. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò gba ìwé kankan tó fi hàn pé wọ́n kúrò. Ilé-ìwé wọn kúrò lẹ́yìn wọn.

Àwọn ọmọ SS 3 ní tiwọn, ọkàn wọn kò balẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ 6, oṣù keje, mínísítà kékeré fún ètò ẹ̀kọ́, Chukwuemeka Nwajiuba, kéde pé WAEC yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 4, oṣù kẹjọ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, mínísítà àgbà, Adamu Adamu, ní Nàìjíríà kò ní bá wọn ṣe é, pé òun kò ní fi ẹ̀mí ọmọ wéwu. Ọ̀yọ́ ti ní kí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá tiwọn padà wọlé nínú oṣù yẹn kan náà, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá yòókù sì ń wá ọ̀nà tiwọn. Ó di òpin oṣù kí wọ́n tó fẹnu kò pé kí àwọn ọmọ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, kí ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi múra sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà yẹn bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ó ní, “Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ìbẹ̀rù àrùn kọ́ ló ń ṣe wá. Lójoojúmọ́ la ń jí, a kì í mọ̀ bóyá kíkà la ó kà tàbí ká lọ kọ́ṣẹ́.” Ó gba kírẹ́díìtì méje. Yunifásítì tó fẹ́ lọ ti wà ní títì, nítorí pé ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò ní gbèdéke lọ́jọ́ 23, oṣù kẹta, wọn kò sì dá a dúró títí di ọjọ́ 23, oṣù kejìlá. Fún ọmọ bẹ́ẹ̀, àrùn àti ìyanṣẹ́lódì di ohun kan náà.

Láti ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn kíláàsì yòókù, ìpele dé ìpele. Ẹfun funfun ni wọ́n fi sàmì sí ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí ní àsẹ́ńbílì. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, wàhálà EndSARS, ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ lórí ìwà ọlọ́pàá, bẹ́ sílẹ̀. Èkó kéde kónílé-ó-gbélé lọ́jọ́ 20, oṣù kẹwàá, ilé-ìwé wọn tún tì, àwọn ọmọ wa tó wà ní Alákùkọ kò sì lè sọdá. Lẹ́yìn Kérésìmesì, àrùn náà tún gbérí, ìwọlé tún sún di ọjọ́ 18, oṣù kíní, ọdún 2021. Ọdún yẹn kò tán lẹ́ẹ̀kan náà, ó kàn ń já sílẹ̀ ni.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n wọlé ní oṣù kẹsàn-án, Màmá tó ni ilé-ìwé pe gbogbo olùkọ́ jọ, wọ́n ní kí wọ́n kó rẹ́jísítà oṣù kẹta wá. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjọ́ náà, wọ́n ń ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí kò bá sí nínú tuntun, wọ́n fi bírò pupa sàmì sí i. Ìlà pupa náà pọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ṣe ni olùkọ́ kan ń sọ pé, “A! Èyí náà ò dé?” Ìjókòó ọmọ ti dínkù nítorí jíjìnnà síra ẹni, wọ́n ti pín kíláàsì sí àárọ̀ àti ọ̀sán, kò sì sí ẹni tó fura pé àyè ṣófo.

Wọ́n pín àdúgbò láàárín ara wọn, wọ́n ń jáde ní ọjọ́ Sátidé. Mo tẹ̀ lé àwọn méjì lọ sí Alákùkọ. Ilé àkọ́kọ́, wọ́n ti kó lọ, aládùúgbò ní wọ́n padà sí Ìmẹ̀kọ, oko bàbá wọn. Ilé kejì, a bá ọmọbìnrin JSS 2 kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó ń fi ọwọ́ rán ẹsẹ̀ aṣọ. Bó ṣe rí olùkọ́ rẹ̀ ló dìde, ó kúnlẹ̀, ó sì fi aṣọ náà pamọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó jalè. Ìyá rẹ̀ jáde sí wa. Obìnrin náà kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, mo jẹ yín ní gbèsè tàmù kejì. Ojú ń tì mí láti wá. Mo ní kó kúkú kọ́ṣẹ́, kó má baà jókòó lásán.” Gbèsè náà kò tó ₦15,000.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà la bá ní ilé mẹ́ta, mẹ́rin. Kì í ṣe pé àwọn òbí kò fẹ́ ìwé. Gbèsè tàmù tí ọmọ kò kà tán ló dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ojú sì ń ti wọn. Màmá ilé-ìwé gbọ́ ọ, wọ́n pa gbèsè tàmù kejì rẹ́ fún gbogbo ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá padà wọlé kí oṣù kọkànlá tó parí. Àwọn òbí kan gbaná jẹ. Bàbá kan béèrè ní ìpàdé pé ṣé ìyà ló yẹ kó jẹ àwọn tó rọ́jú san tiwọn. Ìbéèrè rẹ̀ kò burú, òun náà tọrọ owó kó tó san án. Ṣùgbọ́n Màmá ni mo gbè. Owó yẹn ti sọnù láti oṣù kẹta, ọmọ náà ni kò tíì sọnù tán. Ọmọbìnrin aránṣọ náà padà wá. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé-ìwé, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Nínú kíláàsì fúnra rẹ̀, àwọn kékeré ni nǹkan bàjẹ́ fún jù. Ìjọba ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ní kí wọ́n fi máàkì tàmù kíní àti ìkejì gbé ọmọ lọ sí kíláàsì tó kàn. Olùkọ́ Pàmárì Tírì wa mú Aláwìíyé Ìwé Kìíní, tí J.F. Ọdúnjọ kọ, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá kà á fún òun nítòsí, ní ojú ewé tí òun fúnra rẹ̀ bá ṣí. Yorùbá ló yàn, nítorí pé ọmọ tó gbọ́ èdè náà nílé kò ní rí èdè wí, bí kò bá lè kà á, a jẹ́ pé kíkà ni kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn wo àwòrán, wọ́n sì sọ ìtàn tó bá àwòrán mu, ọ̀rọ̀ tó já gaara tí kò sí nínú ìwé. Àwọn tó ti mọ ìwé kà kí ilé-ìwé tó tì, bí àwọn Pàmárì Fáìfù, kò pàdánù tó bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n rí nǹkan kà nílé, ìbáà ṣe ara páálí mílíìkì. Ọmọ tí àrùn bá lẹ́nu ọ̀nà ìwé kíkà gan-an ló já sí kòtò.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i, mo fẹ́ kí ilé-ìwé mìíràn gbọ́. Wákàtí kan láràárọ̀, Pàmárì Tuù dé Fọ́ọ̀ kì í jókòó ní kíláàsì wọn mọ́. Ibi tí ọmọ bá dé nínú ìwé kíkà ni wọ́n fi ń pín wọn. Ẹni tó mọ lẹ́tà, ẹni tó lè so ọ̀rọ̀, ẹni tó lè ka ìpínrọ̀, yàrá tiwọn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ Pàmárì Fọ́ọ̀ lè bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀. Àjọ Pratham ní Íńdíà ti ń lo irú ọ̀nà yìí tipẹ́tipẹ́. Àwọn òbí kan kọ́kọ́ kà á sí ìtìjú, wọ́n ní wọ́n rẹ ọmọ àwọn sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọlé ara ọkọ̀ ní títì, ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ tó wà ní Pàmárì Wáànù ní oṣù kẹta ọdún 2020, ọdún 2025 ló yẹ kó jáde Pàmárì Síìsì. Bí kò bá sí ẹni tó bi í láàárín ìgbà yẹn bóyá ó lè kàwé, kò sí máàkì tí yóò sọ fún wa.

Nínú oṣù kẹta ọdún 2021, ọdún kan gééré lẹ́yìn tí wọ́n ti tì wá mọ́lé, PTA jókòó láti sọ̀rọ̀ lórí gbogbo èyí. A wọ ìbomú, àwọn kan fà á sí àgbọ̀n, gbogbo fèrèsé ṣí. A fẹnu kò sí nǹkan méjì. Èkíní, ní ọ̀sẹ̀ kejì tàmù kọ̀ọ̀kan, wọn yóò gbé rẹ́jísítà tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àná, orúkọ tí kò bá sí níbẹ̀, òbí kan àti olùkọ́ kan yóò lọ sílé náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe fún gbogbo ilé-ìwé ni èyí, aládàáni àti ti ìjọba, kò sì gbà ju ìwé àti owó ọkọ̀ lọ. A kọ lẹ́tà nípa rẹ̀, a sì ń retí èsì.

Èkejì ni àpótí owó tíṣà. ₦500 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tàmù kọ̀ọ̀kan, ní àkáǹtì tí òbí méjì àti olùkọ́ kan yóò jọ máa buwọ́ lù, tí wọn kò ní fọwọ́ kàn àfi bí ilé-ìwé bá tún tì. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ìyẹn. Àwọn kan ní ó pọ̀ jù, àwọn kan ní kò tó ohunkóhun. Bàbá tó bínú lórí gbèsè lẹ́ẹ̀kan ló dá a lábàá pé kí ó di ₦1,000 fún ẹni tó bá lè san án. Nígbà tí a rò pé a ti parí, gétímáànù tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn na ọwọ́ sókè, ó béèrè bóyá òun àti ìyá tó ń gbálẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọn kò fi ilé-ìwé náà sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ní gbogbo oṣù tó fi tì, tí wọ́n ń gé koríko, tí wọ́n ń lé ejò, láìgba kọ́bọ̀. Akọ̀wé pa ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó sì fi orúkọ wọn kún un.